Láti Orí Ìpè Ìrun Dé Orí Háádìkọ̀: Iṣẹ́ Sípíkà Tí Mo Ṣe ní Ọ̀tà

Etí ni mo fi ṣiṣẹ́ jẹun. Ẹlòmíràn ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, ẹlòmíràn ń fi ẹnu, awakọ̀ ń fi ojú àti ẹsẹ̀. Èmi, etí méjì tí Ọlọ́run fún mi ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, tí mo sì fi kọ́ ilé kékeré tí mò ń gbé ní Ojú Ọrẹ. Mo ti gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, ara ń fẹ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ṣì máa ń wá jókòó tì mí níwájú ilé. Ìbéèrè wọn kì í yàtọ̀: "Bàbá, ṣé kí n kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni, àbí kí n tún ìdánwò ṣe kí n wọ yunifásítì?" Mi ò lè dáhùn ìyẹn fún ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ bí tèmi ṣe lọ, pàápàá apá ìparí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti gbádùn iṣẹ́ mi jù, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ́wọ́ mi.

Ìwó ni wọ́n bí mi sí. Ilé-kéwú ni ilé-ìwé tí mo kọ́kọ́ wọ̀, kí bàbá mi tó fi mí sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àwọn Mùsùlùmí. Álífà tó kọ́ wa máa ń di ojú nígbà tí ogún ọmọ bá ń ké kéwú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹnì kan bá fo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, á na ìka sí i láìlajú: "Ìwọ ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn, padà sẹ́yìn." Ẹnu máa ń yà mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ojú tèmi náà, kí n lè mọ ẹni tó fò ó kí Álífà tó mọ̀. Ibẹ̀ ni etí mi ti là.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣàngó ló mú mi wá sí Ọ̀tà pé kí n wá wọṣẹ́ níbẹ̀. Mo dúró lẹ́nu géètì fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ò pè mí. Ó bá mú mi lọ bá Ọ̀gá Jákọ́bù ní Ojú Ọrẹ. Bí mo ṣe di ọmọṣẹ́ nìyẹn, kò sí ìtàn kankan nínú rẹ̀.

Ìtàn wà lára Ọ̀gá Jákọ́bù fúnra rẹ̀. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni, ó tín-ínrín, ó gùn, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kì í sì í rẹ́rìn-ín kí oòrùn tó wọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tún sípíkà ṣe, kó sì máa fi wọ́n háyà fún àwọn tó ní ìpàdé. Inú sípíkà kọ̀ọ̀kan, páálí róbótó kan wà tó máa ń gbọ̀n kí ohùn tó jáde. Wáyà tín-ínrín tí a wé bí òwú sì wà lẹ́yìn rẹ̀, òun là ń pè ní kóìlì. Bí páálí bá ya, sípíkà á máa kùn. Bí kóìlì bá jó, ó dákẹ́ nìyẹn. Ohun tó wà nínú iṣẹ́ náà kò ju èyí lọ, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà gbáko ni Ọ̀gá ò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin ìjórin tí a fi ń lẹ wáyà. Ó ní kí n kọjú sí ògiri, á wá tan sípíkà kan lẹ́yìn mi.

"Ọmọ Ìwó, kí ló ń ṣe èyí?"

"Ó ń dún gbàràgbàrà, Ọ̀gá."

"Gbogbo ohun tó bàjẹ́ ló ń dún gbàràgbàrà. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ṣé 'ara ń dùn mí' nìkan lo máa sọ, tí wàá fi máa wo ojú rẹ̀?"

Á fi ìdí bírò kàn mí lórí, á tún un tàn. Nígbà tó yá, mo lè sọ ọ́ láìyíjú padà: "Páálí rẹ̀ ya lápá òsì." Á hùn. Híhùn yẹn ni ìyìn rẹ̀. Kò dí mi lọ́wọ́ ìrun rí, mo dúpẹ́ fún ìyẹn títí di òní. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti mọ́ṣáláṣí dé, ìbéèrè ti wà nílẹ̀: "Sípíkà mélòó ló ń dún níbẹ̀? Èwo ló fẹ́ kú?" Mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì mí, nítorí ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé mò ń ka Fátíhà, mo sì ń ka sípíkà.

Òfin kan wà tí Ọ̀gá ò fi ṣeré. Ó ní, "Bí sípíkà bá ti kùn ramúramù, pa iná. Má wo ojú ẹnikẹ́ni. Ì báà jẹ́ gómìnà ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, pa iná kí o tó bèèrè ohun tó ṣe é." Ìdí ni pé ìṣẹ́jú kan tó bá fi kùn lè jó kóìlì tí a máa fi ọjọ́ mẹ́ta wé. Ní ọjọ́ kan, níbi ìpàdé òbí ní ilé-ìwé kan, ojú tì mí láti pa iná nígbà tí ọ̀gá àgbà ń sọ̀rọ̀. Kóìlì méjì jó. Ọ̀gá ò nà mí. Ó gbé kóìlì tó dára kan fún mi, ó ní kí n tú u, kí n tún un wé. Mo wé e tán, ó wò ó, ó ní ó dára, kí n tún un tú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ mi kì í dúró gbọ́ tẹnu mi mọ́. Bí mo bá ti gbọ́ kùn, iná ti kú.

Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ó gbà mí láyè láti dá dúró. Ó gbàdúrà fún mi lórúkọ Jésù, ẹ̀gbọ́n mi ṣàdúrà tiwa, mo ṣe àmín sí méjèèjì.

Ìgbà tí mo dá dúró yẹn, oko ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù lẹ́yìn Ọ̀tà. Kò pẹ́ tí àwọn ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Níbi tí a ti ń gbọ́ ẹyẹ, gbọ̀ngàn tó lè gba gbogbo ìlú mi dìde. Yunifásítì tẹ̀lé e, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé, àwọn ilé ìtura dé, ìjọ kéékèèké hù láàárín ìjọ ńláńlá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bí o bá dúró ní oríta Ṣàngó, ìwàásù mẹ́fà ló máa wọ etí rẹ lẹ́ẹ̀kan. Ẹlòmíràn ń bínú sí ariwo yẹn. Èmi mọ èyí tí mo tún ṣe nínú wọn. Àwọn pásítọ̀ sọ mí ní Álífà Sáúńdì. Ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ràn mi púpọ̀ máa ń sọ pé, "Álífà, ìgbà wo lẹ máa gba Jésù?" Èmi á ní, "Pásítọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba wáyà yẹn lọ́wọ́ yín, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀." A jọ máa ń rẹ́rìn-ín títí.

Irinṣẹ́ ń yí padà ní gbogbo ìgbà náà. Sípíkà onífèrè, èyí tí ẹnu rẹ̀ là bí òdòdó, la fi bẹ̀rẹ̀. Àpótí ńlá tí ọkùnrin mẹ́rin ń gbé ló tẹ̀lé e. Mísà dé, tábìlì oníbọ́tìnnì tí a fi ń yí ohùn kọ̀ọ̀kan sókè àti sílẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó sídìí èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, Bisimilahi ni mo ṣe kí n tó nawọ́ sí i. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ló tún padà kọ́ mi ní èyí tí wọ́n ń fi fóònù yí. Mi ò tijú. Ìrònú mi ni pé ẹni tó bá tijú láti kọ́ nǹkan tuntun nínú iṣẹ́ wa yìí, kó yáa lọ ta búrẹ́dì.

Láàárín gbogbo rẹ̀, ohun kan wà tí mo ń ṣe tí n kò gba nǹkan kan fún. Sípíkà onífèrè mẹ́rin wà lórí mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ẹ̀rọ wọn wà, ọwọ́ mi ló wà láti ìgbà tí mo ti dá dúró. Èmi ni mò ń tún wọn ṣe, èmi ni mò ń yí ohùn ládàánì kó lè dùn tó bá ń pe ìrun. Sàráà mi ni. Mo máa ń rò ó pé, bí Ọlọ́run bá bi mí pé kí ni mo fi etí tí òun fún mi ṣe, ibẹ̀ ni màá tọ́ka sí.

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà tí ọmọbìnrin kan àti ọmọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mojí ni orúkọ ọmọbìnrin náà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni. Ṣínà ni ọmọkùnrin náà, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àga oníke ni, ó gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," Mojí kúnlẹ̀. "A fẹ́ háyà sáúńdì fún Sátidé."

"Ìjọ wo ni?"

"Kì í ṣe ìjọ o, sà. Háádìkọ̀ ni."

Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ṣùgbọ́n ìjọ tuntun ń yọ ní Ọ̀tà lóṣooṣù nígbà náà, orúkọ wọn sì ń le sí i. Mo rò pé ọ̀kan nínú wọn ni, pé wọn ò tíì fẹ́ kí ayé mọ̀.

"Ta ni olùṣọ́àgùntàn yín níbẹ̀?"

Ṣínà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, àgùntàn nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sólùṣọ́."

Gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ń kó páálí sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é, lójú ọ̀nà Ìdírókò. Mo kírun ọ̀sán tán, mo to sípíkà mi, mo jókòó sídìí mísà. Àwọn ọ̀dọ́ bíi ọgọ́ta dé, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, àwọn mìíràn ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ wọn. Mojí gba maikirofóònù. Ṣínà fi ẹsẹ̀ tẹ àpótí irin kékeré kan tó wà nílẹ̀, tí wáyà gìtá rẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ó fa gìtá.

Sípíkà mi kùn ramúramù. Irú kíkùn tí n kò gbọ́ rí! Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti pa iná, mo ti fi orúnkún wọ́ lọ sídìí sípíkà, mò ń fọwọ́ tẹ páálí rẹ̀ wò.

"Ó ti ya!" ni mo ké. "Sípíkà mi ti ya!"

Ṣínà sáré wá. "Bàbá, kò ya. Bó ṣe ń dún nìyẹn."

"Bó ṣe ń dún báwo? Ọmọ yìí, mo ti ń tún nǹkan yìí ṣe kí wọ́n tó bí bàbá rẹ ní ilé ìgbẹ̀bí. Ó ti bàjẹ́!"

Ó gbé àpótí irin kékeré náà sókè kí n rí i. "Èyí ló ń bà á jẹ́, sà. A mọ̀ọ́mọ̀ rà á ni."

Mo wò ó. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń lé ìdún yẹn kúrò nínú sípíkà, mo sì ti fi ogójì ọdún lé e. Àwọn ọmọ yìí lọ sọ́jà, wọ́n rà á wálé! Ẹ̀rín pa gbogbo gbọ̀ngàn. Mo tan iná padà. Ṣínà fa gìtá, ọwọ́ mi tún pa iná. Mo bẹ̀ wọ́n, mo tún un tàn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta tí ọwọ́ mi tún ṣe tirẹ̀, onílù wọn ò dúró dè mí mọ́. Ó ń lu ìlù rẹ̀ lọ, gbogbo wọn sì gba orin náà lẹ́nu Mojí láìsí sípíkà kankan:

"Mo jí, mo lọ, mo dé, mo sùn! Ọjọ́ wo ni mo gbé? Ọjọ́ wo ni mo gbé?"

Mo dúró, ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnnì iná. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo rántí, tó fi ọdún méjìdínlógún wọ bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ ní ìdájí, tí kò sì mọ ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà. Kò sẹ́ni tó kọ orin fún un rí. Mo tan iná. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mi mú.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń lọ síbẹ̀ lóṣooṣù nìyẹn. Ẹgbẹ́ olórin mìíràn ń wá láti Ìfọ̀, òmíràn láti Agége, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ènìyàn méjì péré ni wọ́n, tí ariwo wọn sì tó ti ogún. N kò rí èyíkéyìí nínú wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, n kò gbọ́ wọn lórí rédíò. Ojú wọn ni mo ń wò, nínú gbọ̀ngàn yẹn, bí wọ́n ṣe ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń fi ọ̀sẹ̀ méjì ronú nípa èyí tó wá gbẹ̀yìn. Mo bi Mojí pé kí ni ìyàtọ̀ háádìkọ̀, irú orin tiwọn yìí, sí pọ́ǹkì, irú orin mìíràn tí wọ́n tún ń dárúkọ. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Bàbá, pọ́ǹkì ni kéèyàn sọ fún wọn pé nǹkan ò dáa. Háádìkọ̀ ni ká sọ fún ara wa pé a ò ní í ṣubú síbẹ̀." Orin wọn kúrú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń parí kí n tó rí bọ́tìnnì tí màá fi gbé ohùn sókè. Tí orin bá ń lọ, wọ́n á máa sáré yípo, wọ́n á máa kọ lu ara wọn. Ọjọ́ kìíní mo rò pé ìjà ni. Ṣùgbọ́n mo rí i pé bí ẹnì kan bá ṣubú, kíá ni ọwọ́ mẹ́fà á gbé e dìde, ẹnì kan á sì na bàtà rẹ̀ sókè títí á fi wá gbà á.

Wọ́n tún kọ́ mi níṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí a kò bá gbọ́ ohùn ènìyàn, èmi á gbé e sókè. Pẹ̀lú àwọn ọmọ yìí, kò sí òkè mọ́. Mo ní láti máa wá ibi tí ariwo ti bo ohùn Mojí gan-an, kí n gé díẹ̀ kúrò nínú ariwo níbẹ̀ nìkan, kí ohùn rẹ̀ lè gba ihò yẹn jáde. Ó gbà mí lóṣù mẹ́rin. Ọjọ́ tí mo rí i ṣe, Ṣínà gbá mi mọ́ra, fìlà mi fò.

Mo wá ń gba orin wọn sílẹ̀ sórí fílááṣì, ìyẹn ike kékeré tí a ń kó ohùn sí. Ibẹ̀ ni àjálù mi ti wá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí Lèmọ́mù tó dé, a máa ń fi fílááṣì gbé kíké Àlùkùránì sáfẹ́fẹ́ láti orí mọ́ṣáláṣí. Fílááṣì méjèèjì dúdú, àpò aṣọ mi kan náà ni wọ́n wà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo ki fílááṣì bọ ẹ̀rọ, èyí tó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, mo ti ilẹ̀kùn yàrá náà pa, mo lọ ṣe àlùwàlá. Mo ti fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo fẹ́ gbé tòsì, ni gìtá Ṣínà bú jáde láti orí òrùlé, láti ẹnu sípíkà mẹ́rin, sí gbogbo Ojú Ọrẹ.

"MO JÍ, MO LỌ, MO DÉ, MO SÙN!"

Mo sáré. Ẹsẹ̀ kan tutù, ẹsẹ̀ kan gbẹ. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kí n tó pa iná, orin ti dé ìdajì. Ọlọ́kadà kan dúró níta, ó ń mi orí, ó ń bi obìnrin tó gbé, "Ìyá, mọ́ṣáláṣí wo rèé? Mo fẹ́ máa wá síbí!" Nínú mọ́ṣáláṣí kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo padà lọ parí àlùwàlá, mo fi orí balẹ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, ojú mi ò kúrò nílẹ̀ títí ìrun fi parí.

Wọ́n pè mí sí ìpàdé ìgbìmọ̀ lẹ́yìn ìrun Alásárì. Alhájì Kàmọ́rù ni alága, àgbà tí gbogbo wa bẹ̀rù, tó fẹ̀yìn tì ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Akọ̀wé ló ka ẹ̀sùn. Alhájì ń wo ẹnu rẹ̀ láìṣẹ́jú títí ó fi parí, ó wá na ọwọ́ sí mi.

"Múfútàù, kọ́kọ́rọ́."

Mo fún un. Ó fi sí àpò.

"Ènìyàn lè ṣe àṣìṣe," ló wí. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń tún ìpè ìrun ṣe, kí ló ń wá níbi tí wọ́n ti ń ṣe irú nǹkan báyẹn? Èwo lo mú? Kọ́kọ́rọ́ yìí, àbí àwọn ọmọ aláriwo yẹn?"

Mo wo àpò tó fi kọ́kọ́rọ́ sí. Lẹ́yìn náà mo ní, "Alhájì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gbà á pátápátá. Sátidé tó ń bọ̀ wọ́n ń ṣeré. Kí ẹnì kan nínú yín wá wò wọ́n. Tó bá ní ìwà burúkú wà níbẹ̀, màá fi wọ́n sílẹ̀, màá sì gbàgbé wọn."

"Èmi fúnra mi ni màá wá," ni Alhájì wí, "kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n tàn án jẹ."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Ẹlòmíràn ló ń tan ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí. Ní ìdájí, èmi á jókòó lórí ẹní, màá máa gbọ́ tí sípíkà ń súfèé mọ́ ládàánì lẹ́nu. Mo mọ bọ́tìnnì tó yẹ kí wọ́n yí. Kò ju ìdajì ìka lọ. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ráṣì, ẹ lọ sọ fún wọn." Mo ní kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi mọ́.

Alhájì dé gbọ̀ngàn ní Sátidé pẹ̀lú jàlàbíà funfun àti ọ̀pá rẹ̀. Gbogbo ariwo dákẹ́. Àwọn ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Mojí gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé omi tútù fún un. Ọ̀kan nínú wọn, tó kun irun rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, na òwú sí i.

"Bàbá, ẹ fi dí etí o, ó máa le."

Alhájì wo ẹnu ọmọ náà, ó wo irun rẹ̀. "Ta ló ṣe ọ́ báyìí?"

"Èmi náà ni, sà."

"Kò burú. Gbé òwú rẹ lọ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wà lẹ́bàá iná irin. Kò sí òwú níbẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. N kò wo àwọn olórin, ojú Alhájì ni mò ń wò. Ní orin kìíní, ó jókòó gan-an. Ní orin kejì, ó gbé ọwọ́ lé àpótí sípíkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fi sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí "Mo jí, mo lọ," tí gbogbo gbọ̀ngàn pa ohùn pọ̀, ó tẹ̀ síwájú lórí ọ̀pá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là. Orin parí. Mo ní ó ti tán fún mi.

Alhájì na ọ̀pá sí Mojí. "Ìwọ ọmọ. Tún un kọ."

Wọ́n tún un kọ. Nígbà tó di ibi "Ọjọ́ wo ni mo gbé?", mo rí i tí ètè rẹ̀ ń bá wọn pè é. Ó fọwọ́ kàn mí, ó fa etí mi mọ́ ẹnu rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ohun tí n kò rí rí.

"Múfútàù, mo gbọ́ ọ! Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin!"

Ojú mi gbọ́dọ̀ ti fi ìyanu hàn, nítorí ó fà mí jáde síta. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi. Irin ló ti jẹ etí rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ohùn ènìyàn kan ṣoṣo kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ ju kùnkùn lọ. Ẹnu àwọn ènìyàn ló ń wò tó fi ń mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ojú ń tì í, alága ni, kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀.

"Alhájì," ni mo wí, "ọjọ́ Jímọ̀ yẹn wá ńkọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo rí i tí gbogbo yín gbójú sókè, èmi náà bá gbójú sókè. Akọ̀wé ló padà sọ fún mi pé ohun tó burú ni."

Mo gbìyànjú kí n má rẹ́rìn-ín. Kò ṣeé ṣe. Òun náà ò lè mú un mọ́ra, àwa àgbà méjì dìrọ̀ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn, omi ń bọ́ lójú wa.

Ó wá ki ọwọ́ bàpò, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ṣùgbọ́n kò tíì fún mi. "N kò rí ìwà burúkú lára wọn. Ariwo ni mo rí. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Máa bá wọn ṣe é lọ, kí fílááṣì wọn máa gbé ilé tìẹ. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn: ṣé o lè mú kí n gbọ́ Lèmọ́mù bí mo ṣe gbọ́ ọmọbìnrin yìí?"

Mo ní, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ni. Sípíkà ńlá ò wúlò, á dí àwọn yòókù lọ́wọ́. Àpótí kékeré kan ni mo kàn, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tí Alhájì máa ń fẹ̀yìn tì ní ìlà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni mo lo ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ yẹn. N kò gbé ohùn Lèmọ́mù sókè. Mo wá ibi tí kùnkùn ti bò ó, mo gé e kúrò díẹ̀díẹ̀. Alhájì jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mò ń fi maikirofóònù ka ìwé ìròyìn fún un láti ẹ̀yìn kó má bàa rí ẹnu mi, òun náà á sì sọ ohun tí mo kà fún mi. Ọjọ́ kìíní, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú mẹ́wàá. Ọjọ́ kẹrin, ó ní kí n má ka ti òṣèlú mọ́, ó ń bí òun nínú. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún ìgbìmọ̀ nípa etí rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Mo fi fílááṣì tó tọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ, lẹ́yìn tí mo yẹ̀ ẹ́ wò nígbà mẹ́ta. Lèmọ́mù gorí mínbárì, ó bẹ̀rẹ̀ kùtúbà rẹ̀ lórí sùúrù nínú ilé, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ tó máa ń lò. Alhájì ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn díẹ̀, ojú rẹ̀ kúrò lẹ́nu Lèmọ́mù, ó bọ́ sílẹ̀, ó wá dì í, orí rẹ̀ ń mì jẹ́jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí kùtúbà fi tán.

A kírun tán, a sálámà. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó di ọwọ́ mi mú gírígírí.

"Múfútàù," ló wí, "gbogbo ọdún wọ̀nyí, ọkùnrin yìí mọ̀rọ̀ọ́ sọ tó báyìí, ẹ ò sì sọ fún mi?"